Mo ti fi àpilẹ̀kọ mi sílẹ̀ kí n tó rí àṣìtẹ̀ tó wà nínú àkọlé: kí ni kí n ṣe?

Akẹ́kọ̀ọ́Ìparí (Ọjọ́ Ajé, 8:47 alẹ́)

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú alẹ́ o. Ara mi ò lélẹ̀ rárá ni mo ṣe wá síbí. Ọ̀sán òní ni mo fi àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé mi sílẹ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi kọ ọ́. Nígbà tí mo délé, mo ní kí n kàn ṣí i wò, kí inú mi lè dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ojú ewé kìíní, nínú àkọlé gan-an, níbi tí mo ti fẹ́ kọ “Public Health”, lẹ́tà l ti bọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ ohun tí ìyókù ń jẹ́. Abẹ́ ènìyàn ni wọ́n fi ń pè.

Kọ̀ǹpútà ò fa ìlà pupa sí i nídìí, torí ọ̀rọ̀ gidi ni lójú tirẹ̀. Mo ti ka àkọlé yẹn láìmọye ìgbà. Alámòójútó mi kà á. Ìyàwó mi náà kà á. Kò sẹ́ni tó rí i. Ní báyìí, olùyẹ̀wò mẹ́ta ló máa gbà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n kọ̀wé sí wọn lálẹ́ yìí ni, àbí kí n panu mọ́ títí di ọjọ́ ìdánwò àfẹnuṣe? Ẹ sì tún bá mi là á yé: báwo ni ènìyàn mẹ́ta ṣe ń wo ohun tó tóbi tó báyìí tí wọn ò sì rí i?


Àdùkẹ́Olóòtú (Ọjọ́ Ajé, 9:05 alẹ́)

Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Má kọ ohunkóhun sí ẹnikẹ́ni lálẹ́ yìí. Ọdún kọkànlá mi rèé nídìí títún ìwé àwọn onímọ̀ ṣe, mo sì ti rí lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ tí àṣìkọ inú rẹ̀ ju èyí tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ lọ. Ẹ̀rù ló ń tẹ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ka gbogbo ìwé náà látòkèdélẹ̀, kó gbogbo àṣìtẹ̀ jọ sójú kan, kí o tó lọ bá wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá kọ̀wé lónìí nípa àkọlé, tó tún kọ̀wé lọ́la nípa ojú ewé kejìdínlógún, tó tún padà wá lọ́túnla, òun gan-an ló ń kọ́ wọn láti máa wá àṣìṣe kiri.

Ní ti ìbéèrè rẹ kejì: ojú kì í ka lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń fò ni. Á bà lé ibì kan, á tún fò, ọpọlọ á sì fi ohun tó ti ń retí dí àlàfo tó wà láàárín. Ọ̀rọ̀ kéékèèké ló máa ń fò jù. Ìdí nìyẹn tí “the” kan fi lè wà lópin ìlà, tí òmíràn tún wà níbẹ̀rẹ̀ ìlà tó tẹ̀lé e, tí kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Ìwọ tí o kọ ìwé náà lo mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ jù, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ojú tìrẹ ló máa tàn ọ́ jẹ jù.

Èyí tó wá le jù ni àkọlé, orúkọ ènìyàn, àti gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ gàdàgbà. Bí ẹní wo àwòrán la ṣe ń wo àkọlé. À ń dá a mọ̀ ni, a kì í kà á.


Olùyẹ̀wòTẹ́lẹ̀ (Ọjọ́ Ajé, 9:31 alẹ́)

Ẹ kú làákàyè, Ìyáàfin Àdùkẹ́, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn pé kó sùn lé e. Mo ti jókòó gẹ́gẹ́ bí olùyẹ̀wò láti ìta lọ́pọ̀ ìgbà. Láàárín ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ìwé sílẹ̀ àti ìgbà tí ọ́fíìsì bá fi ránṣẹ́ sí wa, àyè díẹ̀ máa ń wà. Ó lè jẹ́ ọjọ́ kan, ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Àyè yẹn ló ṣeé lò. Tí ìwé bá ti dé ọwọ́ wa, ẹ̀dà tí ọ́fíìsì fi ránṣẹ́ nìkan la lè yẹ̀ wò, a ò lè gba òmíràn mọ́. Nítorí náà, àbúrò, kọ ìlà mẹ́ta sí alámòójútó rẹ lálẹ́ yìí. Alámòójútó rẹ nìkan o. Má kọ ọ́ sí àwọn olùyẹ̀wò. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, wọn kì í gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ bá olùyẹ̀wò sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ ìdánwò tó pé, lẹ́tà tí o fi ọkàn rere kọ sì lè di ẹ̀sùn.

Kí ọkàn rẹ balẹ̀ lórí ohun kan. N kò tíì rí ìwé ọ̀mọ̀wé tí kò ní àṣìtẹ̀ nínú, n kò sì tíì rí ẹni tí a tìtorí rẹ̀ já. Inú àkójọ àtúnṣe kéékèèké la máa ń kọ wọ́n sí, akẹ́kọ̀ọ́ á tún wọn ṣe, ó parí nìyẹn. Èyí tó máa ń dùn mí ni àṣìtẹ̀ inú nọ́ńbà. Ìgbà kan wà tí mo ka ìwé ẹnì kan, táblì ní àwọn tó kópa jẹ́ 214, àlàyé abẹ́ rẹ̀ ní 241. Èwo ni kí n gbà? Mo ní láti padà ṣírò gbogbo ìdá ọgọ́rùn-ún tó wà ní orí ìwé náà kí n tó mọ èwo lòótọ́. Lẹ́tà tó bọ́ ò lè tan olùyẹ̀wò jẹ. Nọ́ńbà tó yí ló lè tàn án.


Àdùkẹ́Olóòtú (Ọjọ́ Ajé, 9:38 alẹ́)

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. N ò ro ti ọjọ́ tó wà láàárín yẹn, mo sì gbà pé ti yín ló tọ̀nà. Àbúrò, kọ ọ́ sí alámòójútó rẹ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ìyàwó rẹ bá ọ ka lẹ́tà náà kó tó lọ.


Atẹ̀wéÀgbà (Ọjọ́ Ajé, 10:02 alẹ́)

Ọmọ mi, ohun tó ṣe ọ́ ti ṣe àwọn tó jù ọ́ lọ. Ní London, lọ́dún 1631, àwọn atẹ̀wé ọba, Robert Barker àti Martin Lucas, tẹ Bíbélì kan jáde. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “not”, bọ́ kúrò nínú òfin tó ka panṣágà léèwọ̀, ó wá dà bíi pé Ọlọ́run ló ní kí wọ́n máa ṣe é. Wọ́n bu £300 lé wọn gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn, wọ́n gba ìwé àṣẹ ìtẹ̀wé wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n kó àwọn Bíbélì náà jọ, kí wọ́n dáná sun wọ́n. Ìwọ̀nba perete ló ṣẹ́ kù láyé lónìí.

Nígbà tí a ṣì ń fi ọwọ́ to lẹ́tà òjé, ẹnì kan kì í dá ṣe àyẹ̀wò. Èèyàn méjì ni. Ọ̀kan á mú ìwé tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ kọ dání, á máa kà á sókè ketekete, tòun ti kọ́mà, tòun ti àmì ìdánudúró. Èkejì á máa fi ojú àti pẹ́ńsù tẹ̀lé ẹ̀dà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀. Tó bá dé orí orúkọ ènìyàn, á pe lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò yá, ó sì ń rẹ ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fojú tẹ̀lé kò mọ ohun tó ń bọ̀, kò sì lè fi ọkàn rẹ̀ dí àlàfo. Kò sí ohun tí ẹ̀rọ tuntun yìí ní tó dára tó o. Tí kò bá sí ẹni tó máa jókòó tì ọ́, bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ka ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan padà sí iwájú.


Onímọ̀Jíìnì (Ọjọ́ Ajé, 10:40 alẹ́)

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹ̀ka tiwa kún un, torí gbogbo àṣìtẹ̀ kọ́ ló ń ti ọwọ́ ènìyàn wá. Àwọn jíìnì (ohun àjogúnbá inú ara) kan wà tí orúkọ ìkékúrú wọn ń jẹ́ SEPT2 àti MARCH1. Tí o bá tẹ̀ wọ́n sínú Excel, ó máa sọ wọ́n di ọjọ́ inú oṣù: ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta. Kò ní béèrè, kò sì ní sọ fún ọ. Ní 2016, àwọn onímọ̀ mẹ́ta tẹ àyẹ̀wò kan jáde nínú jọ́nà Genome Biology. Nínú àwọn àpilẹ̀kọ tí wọ́n so àtòjọ jíìnì inú Excel mọ́, nǹkan bí ẹyọ kan nínú márùn-ún ló ní àṣìṣe yìí. Àwọn olóòtú ti kà wọ́n, àwọn ojúgbà ti yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n sì ti jáde.

Nígbà tó fi máa di 2020, ìgbìmọ̀ tó ń fún jíìnì ènìyàn lórúkọ yí orúkọ padà. SEPT2 di SEPTIN2, MARCH1 di MARCHF1. Nígbà tó di 2023 ni Microsoft ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bọ́tìnì tí a lè fi pa àṣà yẹn síbẹ̀. Kódà tó o bá ti pa á, kí o tó lẹ ohunkóhun mọ́ inú òpó kan, sọ òpó náà di “Text” ná. Àbúrò, ṣé àfikún táblì wà lẹ́yìn ìwé rẹ? Ibẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kì í ṣe ibi tí ènìyàn máa ń tún kà.


Kẹ́mísírì01 (Ọjọ́ Ajé, 10:58 alẹ́)

Ẹ tún rántí ti ẹ̀fọ́ spinach. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Jámánì kan ṣi àmì dẹ́símà sí, ó wá di pé irin inú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá ohun tó jẹ́ gan-an, gbogbo ayé sì gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.


AkàwéJinlẹ̀ (Ọjọ́ Ajé, 11:15 alẹ́)

Kẹ́mísírì01, má bínú, ìtàn yẹn gan-an ni àṣìṣe. Èmi náà ti sọ ọ́ ní kíláàsì rí. Ní 2010, olùwádìí kan, Mike Sutton, wá orísun rẹ̀ lọ, kò sì rí àmì dẹ́símà kankan tí ẹnikẹ́ni ṣì sí. Ní 2014, olùwádìí mìíràn, Ole Bjørn Rekdal, kọ àpilẹ̀kọ lórí bí àwọn onímọ̀ ṣe ń da irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kọ láti ọwọ́ ara wọn, láìsí ẹni tó ṣí ìwé àkọ́kọ́ wò. Bí a ṣe ń da àṣìtẹ̀ inú ìtọ́kasí kọ náà nìyẹn. Tí ẹnì kan bá kọ nọ́ńbà ojú ewé tí kò tọ̀nà, nọ́ńbà yẹn kan náà lo máa bá lẹ́yìn ìwé ogún ènìyàn.

Ẹ wo “vegetative electron microscopy”. “Scanning electron microscopy”, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń wo ohun tín-ín-tín, ló wà. Kò sí ti “vegetative” láyé, síbẹ̀ ó wà nínú àwọn àpilẹ̀kọ tí wọ́n ti tẹ̀ jáde. Àwọn tó tọpa rẹ̀ bá a dé inú àpilẹ̀kọ ọdún 1959 kan tí wọ́n tẹ̀ ní òpó méjì. Nígbà tí ẹ̀rọ ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ó ka ọ̀rọ̀ òpó òsì mọ́ ti òpó ọ̀tún. Wọ́n tún ṣàkíyèsí pé lédè Páṣíà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún “scanning” àti èyí tí wọ́n ń lò fún “vegetative” jọra gan-an, àmì kan bí orí abẹ́rẹ́ ló yà wọ́n. Àwọn ẹ̀rọ ọlọ́pọlọ àtọwọ́dá ti wá kọ́ ọ báyìí, wọ́n sì ń kọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíràn.


ỌmọEdè (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀)

Àmì kan bí orí abẹ́rẹ́. Ẹ wá gbọ́ ti àwa tí à ń kọ àpilẹ̀kọ lédè Yorùbá.

Ní ojú ewé ìdúpẹ́ àpilẹ̀kọ oyè kejì mi, mo fẹ́ kọ ọ́ sí alámòójútó mi, àgbà obìnrin tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi, pé “Mo dúpẹ́ fún ìtọ́ni yín”. Ìka mi tẹ àmì ohùn ìsàlẹ̀ dípò tòkè, mo sì tún fi àlàfo sí àárín láìmọ̀. Ohun tó wà lórí ìwé ni “Mo dúpẹ́ fún ìtọ̀ ni yín”. Màmá rí i. Wọn ò bínú. Wọ́n kàn fi pẹ́ńsù fa ìlà sí i nídìí, wọ́n kọ “wo èyí” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ni mi ò lè gbójú sókè wò wọ́n.

Ẹ mú ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn, ohùn ló yàtọ̀. Ẹni tó bá gbàgbé àmì abẹ́ wọn pátápátá, oko ló kọ. Tó bá wá fi àmì òkè sí ìparí oko yẹn, ohun tí a kì í dárúkọ níwájú àgbà ló kọ sínú ìwé oyè. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé òǹkàwé á fi gbólóhùn mọ̀ ọ́n. Lóòótọ́, lórí fóònù. Ṣùgbọ́n orúkọ ènìyàn ò ní gbólóhùn tó yí i ká, àkọlé ò ní, táblì ò ní. Àìfi àmì sí i náà, àṣìkọ ni. Ó ń dùn mí pé àwa tí à ń fi èdè yìí gba oyè gan-an ń pè é ní ọ̀rọ̀ àṣerégèé.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí: mi ò kì í wo ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Mo máa kọ́kọ́ lọ fún àmì abẹ́ nìkan látòkèdélẹ̀. Lẹ́yìn náà mo máa lọ fún àmì ohùn, tí mo bá sì ń ṣe ìyẹn, mo máa ń ka ọ̀rọ̀ náà sókè kí n tó wo ohun tí mo kọ, torí etí ló mọ ohùn, ojú ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kẹta ni ti àkọtọ́. Láti 1974 ni wọ́n ti fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní, ṣùgbọ́n mo ṣì ń rí àpilẹ̀kọ tó kọ “aiye” ní ojú ewé kan, tó kọ “ayé” ní òmíràn. Mo máa ń sọ gbogbo rẹ̀ di tuntun.


AkàwéJinlẹ̀ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:52 àárọ̀)

Gbogbo rẹ̀ kọ́ o, ỌmọEdè. Ohun tí o bá fà yọ láti inú ìwé àtijọ́, bí ẹni tó ni ín ṣe kọ ọ́ ni kí o fi í sílẹ̀, “aiye” àti “nwọn” rẹ̀ lódindi. Tí o bá tún un ṣe, kì í ṣe ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́.


ỌmọEdè (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:58 àárọ̀)

Òótọ́ lẹ sọ. Ọ̀rọ̀ ara mi ni mo ní lọ́kàn, mi ò là á yé dáadáa.


Ẹlẹ́rọKọ̀ǹpútà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:10 àárọ̀)

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ tó ń kọ Yorùbá ò mọ̀, ó sì ń pa wọ́n lára. Ẹ fi sùúrù kà á.

Lójú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà kékeré “ẹ”, tó ní àmì abẹ́, ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9. Ṣùgbọ́n kíbọ́ọ̀dù mìíràn máa ń kọ́kọ́ tẹ e lásán, á wá fi àmì U+0323 sí abẹ́ rẹ̀. Òmíràn tún máa ń fi U+0329 sí i, èyí tó jẹ́ ìlà kékeré tó dúró. Lójú ènìyàn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra. Lójú kọ̀ǹpútà, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Nítorí náà, tí ìdajì ìwé rẹ bá wá láti orí fóònù, tí ìdajì sì wá láti orí kọ̀ǹpútà, o lè wá ọ̀rọ̀ kan tí o fẹ́ tún ṣe, kí ẹ̀rọ ní òun rí méjì, kí ogún mìíràn wà níbẹ̀ tí kò rí. O máa rò pé o ti tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí o sọ gbogbo ìwé náà di irú kan tí wọ́n ń pè ní NFC, èyí tó ń so lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀ di nọ́ńbà kan. Ìyẹn máa mú méjì àkọ́kọ́ di ọ̀kan. Kò ní fọwọ́ kan U+0329 rárá, ìwọ fúnra rẹ lo máa fi U+0323 rọ́pò rẹ̀. Kí o tó fi PDF ránṣẹ́, rí i pé fọ́ǹtì wà nínú rẹ̀, kí o sì ṣí i lórí ẹ̀rọ tí kì í ṣe tìrẹ. Mo ti rí ìwé tí gbogbo ṣ inú rẹ̀ di àpótí òfìfo lọ́dọ̀ olùyẹ̀wò.


Agbẹjọ́ròỌ̀rọ̀ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:33 àárọ̀)

Lọ́dọ̀ tiwa, owó ni. Ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, òfin ófátáìmù (owó iṣẹ́ àṣekún) kan to oríṣiríṣi iṣẹ́ tí kò yẹ fún owó náà, kò sì fi kọ́mà sáàárín “packing for shipment” àti “or distribution”. Àwọn awakọ̀ ilé iṣẹ́ Oakhurst Dairy ní dídì ọjà fún pípín ló wà nínú àtòjọ náà nìyẹn, pé pípín ọjà kiri fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ní 2017, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá wọn láre. Nígbà tó di 2018, wọ́n fi $5 mílíọ̀nù parí rẹ̀.

Ní Britain, lọ́dún 2009, ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ kọ ọ́ pé Taylor & Sons ti ń kógbá sílé. Taylor & Son, láìsí s lẹ́yìn, ni ọ̀rọ̀ kàn. Àwọn oníbàárà sá, àwọn tó ń tà wọ́n lọ́jà àwìn sá, ilé iṣẹ́ tó ti lò ju 100 ọdún lọ sì wó. Ní 2015, ilé ẹjọ́ gíga ní ọ́fíìsì náà ló jẹ̀bi.

Nínú ìwé òfin, orúkọ àti kọ́mà ni mo máa ń yẹ̀ wò kẹ́yìn, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀, kí ọkàn mi má bàa wà lórí ìtumọ̀.


MòŃWáṢẹ́ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:47 àárọ̀)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú fo èyí tó bá ti kọjá ibi ọ̀rọ̀. Mo fi ìwé ìbéèrè fún iṣẹ́ ránṣẹ́ lánàá, mo kọ “manger” sí ibi tí mo ti fẹ́ kọ “manager”. Ẹ̀ẹ̀mejì ni. Ṣé kí n tún fi òmíràn ránṣẹ́?


Àdùkẹ́Olóòtú (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:10 àárọ̀)

Tí àsìkò gbígba ìwé ò bá tíì parí, fi òmíràn ránṣẹ́, kọ gbólóhùn kan pé èyí ló rọ́pò ti àná, má ṣàlàyé ju ìyẹn lọ. Tó bá ti parí, fi í sílẹ̀. Àti ní ti ìméèlì: kọ àdírẹ́sì olùgbà kẹ́yìn. Tí ọwọ́ rẹ bá tẹ bọ́tìnì àìròtẹ́lẹ̀, kò ní lọ. Ibi ìkíni ìparí náà, ẹ máa wò ó. G àti T sún mọ́ra lórí kíbọ́ọ̀dù, mo sì ti gba lẹ́tà tí “regards” inú rẹ̀ ti di èébú sí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé. Ẹni tó kọ ọ́ ò mọ̀ títí mo fi pè é.


Ọ̀dọ́Àpù (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:22 ọ̀sán)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ ò kàn kó gbogbo ìwé náà fún AI? Ìṣẹ́jú kan ni.


AkàwéJinlẹ̀ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:05 ọ̀sán)

Ó wúlò, mi ò ní purọ́. Ó máa rí “manger” yẹn, nítorí ó ń wo ọ̀rọ̀ tó yí i ká. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe. Ó máa ń yí orúkọ padà, ó máa ń bọ́ àmì ohùn dànù, ó sì máa ń sọ gbólóhùn tó dá lójú di èyí tó ń ṣiyèméjì. Ní kó to ohun tó rí fún ọ, kí o wá fọwọ́ ara rẹ tún èyí tó bá tọ́. Ní 2024, jọ́nà Surfaces and Interfaces tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdáhùn ẹ̀rọ náà sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Àwọn òǹkọ̀wé, olóòtú àti àwọn ojúgbà olùyẹ̀wò ni gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn kọjá lójú wọn.

Èyí kò bẹ̀rẹ̀ láti orí AI náà o. Ní 2014, jọ́nà Ethology gbé àpilẹ̀kọ kan jáde tí ọ̀rọ̀ tí àwọn òǹkọ̀wé ń bá ara wọn sọ, tí wọ́n fi bu iṣẹ́ ẹlòmíràn, ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ má kọ ohun tí ẹ ò fẹ́ kó jáde sínú fáìlì tó máa jáde. Ẹ kọ ọ́ síbòmíràn.


Àdùkẹ́Olóòtú (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:40 ọ̀sán)

Mo fẹ́ padà sórí ohun tí Bàbá Atẹ̀wéÀgbà sọ nípa kíka ìwé láti ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí n fọ̀wọ̀ ta kò ó díẹ̀. Ó dára fún ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà rẹ̀ yí. Ṣùgbọ́n “not” tó bọ́ kúrò nínú Bíbélì yẹn, ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀yìn kò lè rí i láéláé, torí gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù ló pé. Ohun tí kò sí níbẹ̀, etí ló ń gbọ́ ọ. Èmi máa ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ka ìwé sókè sí mi létí, kí n sì máa fojú tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ tó bọ́ àti ọ̀rọ̀ tó dún lẹ́ẹ̀mejì máa hàn lójú ẹsẹ̀. Èyí tí etí ò lè rí ni “their” àti “there”.

Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní ìwé kékeré tó ń kọ àwọn àṣìtẹ̀ tirẹ̀ sí. Gbogbo wa la ní tiwa. Kí ìwé tó jáde, wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.


Atẹ̀wéÀgbà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:15 ìrọ̀lẹ́)

Mo gbà, ọmọ mi. Láti ẹ̀yìn fún lẹ́tà, láti iwájú fún ìtumọ̀. Ìdí tí a fi ń lo èèyàn méjì nìyẹn.


Ẹlẹ́rọKọ̀ǹpútà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:30 ìrọ̀lẹ́)

Akẹ́kọ̀ọ́Ìparí, o lè pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé nígbàkúùgbà tí o bá tẹ “pubic”, kó sọ ọ́ di “public” fúnra rẹ̀.


Onímọ̀Jíìnì (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:02 ìrọ̀lẹ́)

Rárá o. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìlera lè nílò ọ̀rọ̀ yẹn gan-an lọ́la, kó máa kọ̀wé nípa egungun ìbàdí, kí ẹ̀rọ sì máa yí i padà lábẹ́lẹ̀. Bí ti Excel ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí ó yọ ọ́ kúrò nínú ìwé atúmọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan, kí ìlà pupa lè máa yọ sí i nídìí, kí òun fúnra rẹ̀ sì pinnu.


Akẹ́kọ̀ọ́Ìparí (Ọjọ́bọ̀, 7:55 alẹ́)

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo kọ ìlà mẹ́ta sí alámòójútó mi ní alẹ́ Ọjọ́ Ajé, bí ẹ̀gbọ́n Olùyẹ̀wòTẹ́lẹ̀ ṣe wí. Wọ́n dá mi lóhùn láàárọ̀ ọjọ́ kejì pé ọ́fíìsì ò tíì fi í ránṣẹ́, pé mo ní títí di òpin ọ̀sẹ̀ láti fi ẹ̀dà mìíràn rọ́pò rẹ̀, àti pé kí n má bínú pé àwọn náà ò rí i.

Mo wá jókòó tì í fún ọjọ́ méjì. Mo jẹ́ kí ẹ̀rọ kà á sí mi létí, mo sì rí àṣìtẹ̀ mọ́kànlá mìíràn. Mẹ́sàn-án jẹ́ ọ̀rọ̀ kéékèèké tó bọ́ tàbí tó dún lẹ́ẹ̀mejì. Ìkẹwàá ni orúkọ onímọ̀ kan tí mo ti ń ṣì kọ láti ọdún kìíní, ní gbogbo ibi tí mo ti dárúkọ rẹ̀. Ìkọkànlá wà nínú àfikún kejì, níbi tí Onímọ̀Jíìnì ní kí n kọ́kọ́ wò: ìpín ọjọ́ orí “5-9” ti di ọjọ́ kan nínú oṣù, ní ojú ewé mẹ́ta. Mo ti tún un ṣe láti inú fáìlì àkọ́kọ́.

Mo fi ẹ̀dà tuntun ránṣẹ́ ní ọ̀sán yìí. Kí n tó tẹ bọ́tìnì, mo fún ìyàwó mi ní ojú ewé kìíní, mo sì ní kó máa pe àkọlé náà sí mi létí, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, títí dé òpin.